Àkísà Pupa ní Ṣọ́ọ̀bù Kan Lẹ́yìn Bolga

Ẹ má bi mí bóyá orí mi pé. Ó pé. Ẹ má sì sọ pé bóyá mo sùn lọ nínú ọkọ̀ tí mo wá lá àlá. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta mí látàrí, mo sì rí gbogbo rẹ̀ kedere bí mo ṣe ń rí ọwọ́ mi yìí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé wa ní Mamobi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún, torí ẹ ò mọ ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ ná. Accra ni wọ́n bí mi sí, Accra ni wọ́n bí bàbá mi náà sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, àwọn aládùúgbò sì ń pè wá ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, títí dòní. Ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fún mi ní ìsinmi báyìí, àpò mi ti wà lẹ́yìn mi, mo ti wà ní ibùdókọ̀. Èmi nìkan ni o. N kì í dúró de ọ̀rẹ́, torí àárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbéra gan-an ni ọ̀rẹ́ máa ń sọ pé inú ń run òun.

Mo ti gun òkè ní agbègbè Volta, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí mò ń pariwo tí mo sì ń rẹ́rìn-ín pa pọ̀. Mo ti jẹ kenkey àti ẹja dídín létí òkun ní Elmina, tí àwọn apẹja ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní èdè Fante, tí èmi náà ń fi Twi dá wọn lóhùn. Ẹ gbà mí gbọ́, ilẹ̀ Ghana yìí dùn! Ẹ ò ní tíì rìn jìnnà tí oúnjẹ á ti yí padà, èdè á ti yí padà, bí wọ́n ṣe ń wé gèlè pàápàá á ti yàtọ̀.

Bàbá mi ló kó ìfẹ́ ìrìn yìí ràn mí. Páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní Abossey Okai. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí epo ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, á gbé mi lé itan, á ní, "Ghana yìí, láti etí òkun títí dé ibi tó parí sí lókè lọ́hùn-ún, èmi àti ìwọ la jọ máa rìn ín." Lẹ́yìn náà á fi oríkì mi pè mí. Òun nìkan ló ń fi oríkì pè mí nílé wa. Ìyá mi àti gbogbo àwọn yòókù, orúkọ tí mò ń jẹ́ níléèwé ni wọ́n ń pè. Mi ò ní kọ oríkì náà síbí, ẹ má bínú.

Nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń dá ṣọ́ọ̀bù bàbá mi mọ̀. Ó ń ta tuntun, ó ń ta àlòkù, okùn ló sì fi ń so gbogbo wọn rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá jẹ́ àlòkù, á so àkísà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, á ta á ní kókó méjì, á jẹ́ kí ìrù rẹ̀ gùn sílẹ̀, kí oníbàárà má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n á ní, "Alata, ọdún wo lò ń ṣe lónìí?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún so òmíràn.

Mo ṣì wà níléèwé girama nígbà tí jáàkì yọ lábẹ́ ọkọ̀ kan tí bàbá mi wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e wálé. Mo rí i nínú aṣọ funfun ní àgbàlá wa, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibí yìí: mo rí i nínú aṣọ funfun.

Ó wá ku apá òkè pátápátá tí mi ò tíì dé. Mo ní mo máa lọ, kí n lè sọ pé mo parí ìrìn tí bàbá mi ṣèlérí. Ọkọ̀ gbé mi kọjá Kumasi, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ilẹ̀ ń tẹ́jú, àwọn ilé roboto bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òórùn òrí sì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Mo yà ní ọgbà ẹranko Mole lọ wo erin. Erin gidi! Ó dúró sínú omi, ó ń bu omi dà sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ìyá àgbà tó ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń mú wa kiri fi ní kí n bo ẹnu mi.

Láti Bolga, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ń lọ sí Paga, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó sórí ẹ̀yìn ọ̀nì. A dé ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà, tí mi ò ní dárúkọ, ni táyà bá bẹ́. Awakọ̀ ní kí n lọ jókòó sí abẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, òun á lọ lẹ táyà.

Èmi tí n kì í rí nǹkan kí n má ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé fóònù sókè láti òdìkejì títì. Páàtì alùpùpù àti ti kẹ̀kẹ́ rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan ń fẹ́ ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí, ó tẹrí ba, ó ń fi epo nu ṣéènì, fìlà bò ó lójú. Ọmọbìnrin kékeré kan fara tì í, ó gbé apá lé e léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wù mí. Mo ya á, mo sọdá.

Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn ni mo tó rí àwọn àkísà náà.

Pupa ni. Tẹ́ẹ́rẹ́. Kókó méjì, ìrù gígùn.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ wo ẹni tó ní àṣà bàbá mi níbí! Ni mo bá wo ọwọ́ tó ń nu ṣéènì. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní èékánná. Ẹ́ńjìnnì ló já lé ti bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú nígbà tí ìyá mi ń fi omi gbígbóná jó o.

Ọkùnrin náà dìde. Kò wò mí. Ó fi igbá bu omi nínú ìkòkò, ó gbé e wá fún mi kó tó bi mí ní ohunkóhun, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò nílé wa. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rò ó kí orúnkún mi tó kanlẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ní Hausa pé, "Ará Accra tó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀! Ta ló bí èyí?"

Láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo rí ojú rẹ̀ lábẹ́ fìlà. Bàbá mi ni. Kò dàgbà sí i rárá.

Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ayọ̀ ni. Inú mi dùn débi pé omi inú igbá ń dà sí mi láyà. Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, kí n sọ fún un pé mo ti rí erin, pé mo ti rìn ín láti etí òkun dé òkè.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìyá àgbà wa. Ó máa ń sọ fún wa nípa àkúdàáyà, pé ẹni tó kú láìpé ọjọ́ a máa lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ọjọ́ tí ará ilé bá rí i tó pè é lórúkọ, tàbí tí òun bá pe ará ilé tí ẹni náà sì jẹ́, ọjọ́ náà ló máa dìde níbẹ̀. Ìyàwó ò ní rí i mọ́. Ọmọ ò ní rí i mọ́.

Mo jókòó. Hausa tí mo gbọ́ ní Mamobi ni èmi àti obìnrin náà fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó rẹ̀ lòun. Ó ní ẹsẹ̀ ni ọkọ òun fi rìn wọ ìlú àwọn, tó sọ pé òun ò lẹ́nìkan, àwọn ò sì bi í mọ́. Ó ní èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àmọ́ ó fẹ́ràn ọmọ yìí ju ohunkóhun lọ.

"Ó ti ṣèlérí fún un," obìnrin náà ní, "pé àwọn jọ máa rìn láti ibí títí dé etí òkun."

Owú jẹ mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, owú jẹ mí gidi gan-an. Ìlérí mi ni. Ọmọ náà ti gun orí itan rẹ̀, ó ń fi ìka ta àwọn àkísà pupa yẹn, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tèmi lọ nígbà tí mò ń jókòó síbẹ̀. "Bàbá" ti wà ní ẹnu mi. Bí mo bá kàn là á ni, ó ti parí. Mo wo ọmọ náà, mo gbé igbá sẹ́nu, mo mu omi tó kù.

Awakọ̀ fọn fèrè. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo yí ẹ̀yìn padà.

Ni mo bá gbọ́ oríkì mi.

Lẹ́yìn mi ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń pè é gan-an. Lẹ́yìn náà ló sọ ní Yorùbá pé, "Má dá mi lóhùn. Máa lọ."

Ẹ̀yin tí wọ́n fi oríkì tọ́ dàgbà, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí òbí bá fi oríkì pè ọ́, ẹnu rẹ á ti jẹ́ kí o tó rò ó. Mo bu ahọ́n mi jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi dé ẹnu mi. Mi ò wẹ̀yìn. Nínú kẹ̀kẹ́, mò ń sunkún mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo sọ fún awakọ̀ pé eruku ló wọ̀ mí lójú. Mo jókòó sórí ẹ̀yìn ọ̀nì ní Paga ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù ò sì bà mí rárá. Kí ni ọ̀nì?

Mo délé. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Odawna, bó sì ti dé láti ọjà ló ní kí n fi àwọn fọ́tò han òun. Ó rí erin, ó pàtẹ́wọ́. "Ei! Èyí mà tóbi o!" Inú èmi náà ń dùn, mò ń sọ̀rọ̀ lọ, mò ń dárúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń ṣí wọn. Orúkọ ìlú yẹn ti jáde lẹ́nu mi kí fọ́tò rẹ̀ tó yọ.

Àpótí wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó lórí rẹ̀. Ìyàwó ń fẹ́ ọkà. Ọmọ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí kò sọ́gbọ́n tí kò fi ní ṣubú, ó gbé apá rẹ̀ lé nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi kò wo ọmọ náà. Ó fi ìka méjì fa fọ́tò náà tóbi níbi tí àwọn àkísà pupa wà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ló ń so páàtì báyìí?" ó béèrè.

"Oní-ṣọ́ọ̀bù ni, Màámi."

"Ọkùnrin ni?"

"Mi ò rí ojú rẹ̀."

Ó mi orí, ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ dáná.

Ìyá mi tí kò kọjá Kumasi rí, ó ní òun fẹ́ bá mi lọ sí òkè. Ó ní, "Ṣé èmi náà ò lè rí erin ni?" Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó di irun tuntun, ó lé tìróò. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí láti ìgbà tí mo ti wà níléèwé, ayọ̀ rẹ̀ sì ń ràn mí, mi ò lè ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, mo ṣí báàgì rẹ̀ láti fi ọṣẹ sí i, mo rí fìlà bàbá mi, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́.

Ìyá mi ò ní bu ahọ́n jẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá mi wálé ló ti ń wá ẹni tó máa pè. Ojú mi sì ń rí apá ọmọ yẹn nínú fọ́tò, tó gbé e lé òfìfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, bí ẹ bá rí ẹni yín tó ti kú ní ìlú tí kò yẹ kó wà, ẹ mu omi tó bá fún yín, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ má pè é. Ẹ má dáhùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ya fọ́tò.

Ọkọ̀ wa máa gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Ìyá mi ń kọrin nínú yàrá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí pé ṣé mo ti múra tán, oríkì mi ló sì fi pè mí, ohun tí kò ṣe rí.

Mi ò tíì dá a lóhùn.