Àwọn Èèyàn Ìsàlẹ̀ Ọkọ̀

Ojo ni mí, mi ò fi pamọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé Dallas, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń tẹnu mọ́ fún ọmọ mi obìnrin: ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, má dá sí ọ̀rọ̀ onílé.

Nígbà tí tíṣà rẹ̀ ní kí wọ́n fi páálí ṣe ọkọ̀ ojú omi elééfín, irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí odò Mississippi láyé òwò ẹrú, èmi náà bá a gé páálí. Ó to òwú síwájú, ó to àwọn òyìnbó tó ń jó sí òkè. Àfi bí mo ṣe wo ìsàlẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú ló kó síbẹ̀, ó fi okùn so wọ́n pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òbí kan pariwo níbi ìpàdé iléèwé pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú mọ́. Ọkùnrin aládùúgbò wa wà lára wọn. Ọjọ́ tí ìjọba máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kí n tó gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà náà sì ti ń sún mọ́lé.

"Jọ̀ọ́, yọ àwọn yìí kúrò. Interview mi ń bọ̀."

"But Mom, they were on the boat."

Kò yọ wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa gbé ọkọ̀ náà lọ síléèwé, nígbà tó ń wẹ̀, mo yọ wọ́n fúnra mi, mo sì kó wọn sínú báàgì tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Wọ́n pe àwa òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ; ẹ̀yìn kíláàsì la jókòó sí, aládùúgbò wa sì wà níwájú mi. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó wò mí, ó wo báàgì tí mo dì mú lórí itan. Ó wá sọ fún gbogbo wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ̀ òun kò tíì pé, àwọn tí wọ́n ń gbé lọ tà wà nínú báàgì ìyá òun.

Gbogbo ojú yí sí mi. Aládùúgbò wa náà yíjú, kò rẹ́rìn-ín. Mo tọwọ́ bọ báàgì, mo fa ọ̀kan yọ. Ọmọ mi ti fi bírò kọ àbàjà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, irú èyí tó ń rí lójú ìyá mi lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday.

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo kọjá níwájú aládùúgbò wa, mo kúnlẹ̀ kí n lè rí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo sì ń dá wọn padà. Ọmọ mi ló bá mi so okùn náà.