Abẹ́rẹ́ Ìwó

Ràhmán Ìyàndá ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún ní Onitsha, kò sì tíì gbà pé ohun rere kankan lè ti inú ìlú náà wá àfi owó. Owó Onitsha ní tirẹ̀, kò kọ̀ ọ́ rí. Òun ló fi kọ́lé sí Ìwó, ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ bí kò ṣe ewúrẹ́ àwọn ará ilé. Léèsì àti ànkàrá tó ń tà nínú ọjà ńlá ló sọ ọ́ dèèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí eyín rẹ̀ kan jẹrà, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú mú, ó wọ ọkọ̀, ó kọjá afárá Odò Ọya, ó lọ yọ ọ́ ní Ìwó. Ó ní dókítà ibí kò mọ eyín Yorùbá. Ẹ bá mi gbọ́, eyín náà ti ń ní ẹ̀yà.

Àwọn ará ọjà ń pè é ní Alhaji. Kò tíì dé Mẹ́kà rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò dé ibẹ̀. Òun tún ni alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìwó tó wà ní Onitsha, ipò tí kò ní iṣẹ́ kan nínú ju kéèyàn dé fìlà, kó jókòó síwájú, kó sì máa sọ̀rọ̀. Ràhmán kúnjú ẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ ló ń fara da gbogbo rẹ̀. Onitsha ni wọ́n bí Nàfísàt sí. Obì ni bàbá bàbá rẹ̀ wá tà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Ó ń sọ Ìgbò débi pé àwọn aládùúgbò wọn ní Awada máa ń gbàgbé pé Yorùbá ni. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ti sú u, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n tó fi ń bá a gbé. Ràhmán kì í jẹ gàrí mìíràn àfi gàrí Ìwó. Àpò kan wà nílé ìdáná wọn tó ti Ìwó wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún tí gàrí inú rẹ̀ ti tán, Nùsáybà ọmọ wọn kò tíì máa rìn, Nùsáybà sì ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Gàrí Nkwelle Ezunaka, ìlú kan nítòsí Onitsha, ni Nàfísàt ń dà sínú àpò náà. Ràhmán á pò ó sómi, á mu ún, á fi ahọ́n ra ètè, á ní, “Ẹnu mi mọ gàrí ilé.” Nàfísàt á ní, “Ẹ kú ẹnu, Bàbá Nùsáybà.”

Ìyá Ràhmán náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Láti ìgbà tí ìtọ̀ ṣúgà ti dá a gúnlẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá láti ilé, kí Nàfísàt lè máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá Ìwó ni àwọn ọmọ ń pè é, gbogbo àdúgbò sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá jẹ́jẹ́ ni. Ó ń jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kí àwọn tó ń kọjá lédè Yorùbá, wọ́n ń dá a lóhùn lédè Ìgbò, wọn kì í sì í jà.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà dé, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ogugua, tó ń gbé lójú pópó wọn, wà lára àwọn tó ń gún un ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí. Lóòótọ́, ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn, onílé àti àlejò. Àmọ́ àwọn àlejò ní ẹ̀rù tiwọn lọ́tọ̀. Lẹ́yìn mọ́sáláṣí, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé, wọ́n ní ìgò méjì ló wà, ọ̀kan fún ọmọ onílùú, ọ̀kan fún ẹni tó wá jẹun. Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ bá sọ èèyàn dìdàkudà níbí, ta ni yóò gbà á sílẹ̀?

Alága dìde. Ó tún fìlà ṣe.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ni Ràhmán wí, “a kì í fi ara ẹni lé ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá ẹni lọ́wọ́. Iléyá ti dé tán. Gbogbo wa là ń lọ sílé. Bísọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Ilé la ó ti gba tiwa, lọ́wọ́ ọmọ wa.”

Mùs'áb, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí báńkì gbé wá sí Onitsha, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní ibì kan náà ni oògùn náà ti ń wá, pé Àbújá ló ń pín in fún Ìwó, òun náà ló ń pín in fún Onitsha.

“Ìwọ, ọjọ́ mélòó lo dé ibí?” ni Ràhmán bi í. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Mùs'áb sì jókòó. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Nàfísàt wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó wo àwọn àgbà ọkùnrin tó ń mi orí, àwọn tó jẹ́ pé dókítà Ìgbò ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ wọn, ó sì pòṣé.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ gba tirẹ̀. Kò fi pamọ́. Ràhmán wo apá rẹ̀, ó ní, “Ìwọ kúkú ti di tiwọn. Tiwọn á bá ọ lára mu.”

“Màmá ńkọ́?” ni Nàfísàt bi í. “Ẹ jẹ́ kí n mú màmá lọ. Ṣúgà tó wà lára wọn yìí, bí àrùn yẹn bá bá wọn, wọn ò ní í gbé e.”

“Ìyá ta ni?”

“Ìyá yín ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá mi á gba tirẹ̀ nílé.”

Ohun tó bí Nàfísàt nínú jù ni pé ìyá náà fẹ́ ẹ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Kòrónà pa ní Ìwó lọ́dún tó kọjá, wọn kò sì jẹ́ kó rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rù àrùn náà ń bà á ju ẹ̀rù abẹ́rẹ́ lọ. Àmọ́ ilé ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọmọ òun lọ sílé ìwòsàn.

Ogugua fúnra rẹ̀ wá sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá náà.

“Nne, bịa,” ni ó wí. “Come tomorrow, I go do am for you myself. E no dey pain.”

Ràhmán jáde láti yàrá. “Madam, thank you. We dey go house for Sallah. Na there she go take am.”

“Alhaji, wetin dey inside their own wey no dey inside my own?”

“Na our pikin dey give am there.”

Ogugua wò ó títí. Ìyá Ìwó fa Nàfísàt lọ́wọ́, ó ní kó bá òun sọ fún nọ́ọ̀sì. “Sọ fún un pé kó má bínú. Kó bá mi tọ́jú tèmi pa mọ́. Bí n kò bá rí i gbà nílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń bọ̀.” Nàfísàt sọ ọ́ lédè Ìgbò. Ogugua fọwọ́ kan orókún ìyá náà, ó ní òun á tọ́jú ẹ̀.

Wọ́n lọ sílé. Ọkọ̀ èrò ni, èèyàn há mọ́ èèyàn, ìdajì wọn kò bo imú, ẹni méjì lẹ́yìn sì ń húkọ́ láti Asaba títí dé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá Ìwó wà láàárín. Ràhmán jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, níbi tí atẹ́gùn wà.

Nígbà tí wọ́n dé Ìwó, Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sì na ọwọ́. Àga ti wà fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí wọ́n má bínú, àdúgbò ti fẹnu kò pé kí àwọn ará Onitsha má kọ́kọ́ wọlé, nítorí àrùn. Abọ́ tí èèyàn ń lò kó sọ nù ni wọ́n fi gbé ẹran Iléyá wá fún wọn. Ní Onitsha, onye Yoruba ni wọ́n ń pe Ràhmán. Ní Ìwó, ó di ará Onitsha. Ó jẹ ẹran náà. Nàfísàt ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́, àánú ì bá ṣe é, ṣùgbọ́n àánú kò wá.

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Bísọ́lá. Ọmọ gidi ni Bísọ́lá, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì gbọ́ ẹjọ́ wọn tán.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ó ti ń tán lọ́wọ́ wa. Ìwọ̀nba tó kù, àwọn tó ti gba ẹ̀ẹ̀kínní níbí la fi pa mọ́ fún. Ṣé wọn ò ní in ní Onitsha ni?”

“Wọ́n ní in,” ni Ràhmán wí.

“Kí ló wá dé?”

Ràhmán ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. “Ó ní tibí ló dára.”

Bísọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Nàfísàt, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ó mú ìgò kan tó ti ṣófo fún wọn wò. Nàfísàt mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Inú irú rẹ̀ gan-an ni Ogugua ti fa oògùn tó fún un, orúkọ kan náà, ìdérí kan náà. Nígbà tí wọ́n jáde, ohun tí Ràhmán rí sọ ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ẹbí.

Ìyá Ìwó ti ń húkọ́ kí wọ́n tó padà dé Awada. Nàfísàt ní àárẹ̀ ọkọ̀ ni, ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa fún ara òun. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, kò lè mí dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Nàfísàt kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sí i nímú ni pé kí wọ́n bá òun kí nọ́ọ̀sì. Kò tún sọ òmíràn. Wọ́n kò jẹ́ kí Nàfísàt wọlé mọ́, ibẹ̀ ni ìyá sì kú sí.

Kí ni Ràhmán ṣe? Fóònù ló gbé. Ó fẹ́ gbé òkú ìyá rẹ̀ lọ sílé. Ìmáàmù ti sọ fún un pé ibi téèyàn bá kú sí la ń sin ín sí, kò gbọ́. Ó pe Jímọ̀. Nàfísàt gbọ́ ohùn Jímọ̀ láti inú fóònù náà ketekete. “Ràhmán, ìyá mi náà ni. Ẹ̀dùn rẹ̀ ń dùn mí. Àmọ́ ẹ má gbé e wá. Ọ̀hún tí àrùn ti pa á ni kí ẹ sin ín sí. Àwa náà ní ọmọ nílé.”

Onitsha ni wọ́n sin Ìyá Ìwó sí, ní itẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìwó, Mùs'áb nìkan ló wá, gbogbo àwọn tó ń mi orí lẹ́yìn mọ́sáláṣí ń bẹ̀rù àrùn. Ọkọ Ogugua àti ọkùnrin méjì láti àdúgbò ló bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ràhmán jókòó sórí ẹní, ó ń sọ fún àwọn tó wá kí i pé ká ní Ìwó ni ìyá òun wà nígbà tó ṣàìsàn, kì bá tí kú. Nàfísàt gbé omi tó fẹ́ gbé fún un padà sí ilé ìdáná. Ó dúró níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí, ó sunkún títí, ìbínú sì pọ̀ nínú ẹkún náà ju ìbànújẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọkùnrin náà. Ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó pe Nàfísàt sí kọ̀rọ̀, ó ní kó bá òun bẹ Ogugua, kó gbé abẹ́rẹ́ kan wá gún òun nílé, kí ẹgbẹ́ má mọ̀. Nàfísàt jíṣẹ́ náà bó ṣe gbọ́ ọ. Èsì tí Ogugua fi rán an ni pé àga wà níta ilé ìwòsàn fún gbogbo ayé.

Ràhmán lọ. Ó fa fìlà bo iwájú orí, ó fa ìbòmú dé abẹ́ ojú, Nàfísàt sì tẹ̀ lé e. Mùs'áb wà lórí àga gígùn náà, ó wá gba ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn sì wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti búra pé ilé làwọn ti máa gbà á. Wọ́n sún fún un. “Alága, ẹ jókòó,” ni wọ́n wí, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kàn án, ó wọlé, ó ká apá aṣọ sókè. Kò tíì kẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀. Ó ní, “Madam, this one, na the same one wey dem dey give for Ìwó?”

Ogugua gbé abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Kò pariwo.

“Alhaji, your mama tell me make I keep her own. I keep am. Na who I go give am now?”

Èdè tí Ràhmán gbọ́ yéké ni. Síbẹ̀, ó yíjú sí Nàfísàt lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé kó bá òun túmọ̀ rẹ̀. Nàfísàt ń wò ó, kò túmọ̀ nǹkan kan. Apá Ràhmán wà ní nínà níwájú nọ́ọ̀sì.