Ọjọ́ tí mo lọ mú agbọ́n nítorí Bísí

Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́, lọ́dún tí bàbá mi kọ́kọ́ ra fóònù alágbèéká, ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Kíláàsì kìíní girama ni mo wà nígbà náà, ní Fẹ́sítàkì.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì wa, Àǹtí Ṣadé, ní kí kálukú mú kòkòrò kan wá. Mo mú tata, mo sì ń yangàn. Àfi bí Bísí, tí a jọ ń jókòó, ṣe ṣí ọwọ́ rẹ̀. Agbọ́n ni mo rí, dúdú tó nílà yẹ́lò, tó ń rìn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìta á! Kíláàsì pariwo pé, "Bísí, o láyà o!" Àǹtí ní ká sún mọ́ ọn káwọn ṣàlàyé. Èmi ò lè fara da ìyìn Bísí mọ́, ni mo bá yọ́ jáde.

Nínú koríko gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, mo rí agbọ́n kan, mo sì gbá a mú. Hàà! Oró náà jó mi dé èjìká. Mo figbe ta, gbogbo wọn sì sáré wá.

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Àǹtí sọ ni?" Bísí bi mí. "Tèmi kì í ṣe agbọ́n. Irú ọ̀bọ̀ùnbọ̀un kan ni, ó kàn fara jọ agbọ́n kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Ṣé o ò rí ìwo gígùn orí ẹ̀ ni?"

Ó rọra fi omi tútù wẹ ọwọ́ mi. Ni kíláàsì bá tún ń yìn ín pé ó láàánú. Ọwọ́ mi ti jinná kó tó di ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ìyìn kejì yẹn ṣì ń dùn mí di òní.