Ìwé Bàbá Onípápá

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ta pápá tí òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí níwọ̀n ìgbà tí ará ìlú bá ṣì ń lò ó. Mo ka ìwé ìpàdé wọn: àkọsílẹ̀ Bàbá Onípápá ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí ti ń tọ́jú ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ó máa ń ti géètì kí ẹsẹ̀ má baà ba koríko jẹ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí àdúgbò ń bá ìgbìmọ̀ jà kí wọ́n má ta pápá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n lè rí bí òun ṣe ń kẹ́ pápá. Agbẹjọ́rò ẹni tó fẹ́ ra pápá náà ka ọgọ́rin ọjọ́ tí géètì fi wà ní títì lọ́dún kan. Ó ní ará ìlú kò lò ó mọ́ nìyẹn.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá!" ni aránṣọ òdìkejì títì pariwo lọ́jọ́ kejì. "Ẹ ti bá wọn tì í pátápátá."

Bàbá di kọ́kọ́rọ́ mú, ó wo ojú ọ̀run tó ṣú, ó sì bi aránṣọ náà pé:

"Ọmọ mi, òjò ń bọ̀. Ṣé kí n ṣì ti géètì?"