Aránṣọ Tó Fi Tépù Wọn Ẹjọ́

Ẹni tó bá rò pé obìnrin kúkúrú kò lè gbé ẹjọ́ ńlá, kó wá gbọ́ ti aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà ilé ìwé. Agbára káká ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń tó pẹ́dàlì ẹ̀rọ, àmọ́ ogún lọ́yà kò gbọ́n tó o.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì rìn nígbà tí òun àti bàbá ọmọ, jórinjórin kan, tú ká. Aránṣọ kò bá a fa aṣọ ya. Ó mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ lọ sí kóòtù, ó kọ fọ́ọ̀mù, adájọ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó sì dá iye tí bàbá yóò máa san lóṣooṣù. Ọ́fíìsì kóòtù ní ń gba owó náà, tí wọ́n á kọ rìsíìtì, tí aránṣọ á lọ gbà á níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ọmọ yege ìdánwò girama, owó ọmọ ìkókó ṣì ni bàbá ń san. Bí owó ìwọlé kò bá sì wọlé kí oṣù tó parí, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

“Ohun tí kóòtù bá ti dá, ó ti dá a nìyẹn,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀wù tí mo rán fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ṣé ó ṣì ń wọ̀ ọ́ ni?”

Ó di ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù, bàbá arúgbó tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò.

“Ta ló ní kò ṣeé yí?” ni akọ̀wé bi í. “Bí ọmọ bá dàgbà, bí ọwọ́ bàbá bá gbòòrò, tàbí tó bá ṣẹ́ pàápàá, ẹni tó kàn á wá kọ̀wé. Àmọ́ ẹ̀rí la fi ń ṣe é o, ẹkún kọ́.”

Lọ́jọ́ ẹjọ́, jórinjórin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Olúwa mi, èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́. Mi ò lọ́mọ iṣẹ́ kankan. Ọmọ ọ̀hún sì kéré.”

Aránṣọ ṣí ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Ọdọọdún ló ń wọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀: ẹ̀wù ínṣì mẹ́rìndínlógún ti di ogójì. Ó ṣí ojú ewé mìíràn.

“Olúwa mi, ọkùnrin mẹ́fà nìyí, mo rán aṣọ iṣẹ́ fún wọn lóṣù tó kọjá. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ní kí n kọ sí wọn láyà.”

Ahun ni jórinjórin. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá aránṣọ tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù, kò sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n rí.

“Wọ́n kàn ń ràn mí lọ́wọ́ ni,” ló wí, ó ń họ orí.

“Àwọn mẹ́fà? Nínú aṣọ kan náà?” ni adájọ́ bi í. Kóòtù rẹ́rìn-ín títí fáànù òkè àjà fi ń mì.

Adájọ́ sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta, ó ní kí ti àkọ́kọ́ dé ọ́fíìsì láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹfà ló dé. Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù parí, ọmọ wọ girama.

Nígbà tí aránṣọ padà dé ṣọ́ọ̀bù, obìnrin mẹ́rin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kálukú pẹ̀lú ìwé kóòtù tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ó yá, ọdún wo ni wọ́n dá tiyín?”