Àdúrà Ọ̀sán ní Ìdí Ẹja Gbígbẹ

Tí agogo bá ti dún nínú fóònù mi ní aago méjìlá ọ̀sán, mo máa ń fi ẹja gbígbẹ tí mò ń tà sílẹ̀, kí n gba àdúrà Áńgẹ́lúsì tí àwa Àgùdà fi ń ké pe Màríà. Àwọn oníbàárà mi ní Dallas, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, á máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí kì í ra ẹja kó má wàásù fún mi. "Ìyá, ẹ fi Màríà sílẹ̀, ẹ wá di àtúnbí."

Èmi á ní, "Ìwọ náà ní ìyá. Ṣé mo ní kí o fi í sílẹ̀?"

Lọ́jọ́ kan ó wọlé tòun ti ẹkún. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn, pásítọ̀ rẹ̀ ò sì gbé fóònù. Bí agogo mi ṣe dún, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi màmá mi sí àdúrà yín."

"Sí èyí tí o ní kí n fi sílẹ̀?"

"Ẹ gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Òun ń ju apá, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń ṣe àmín kí n tó dé ibẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni àbúrò rẹ̀ pè pé iṣẹ́ abẹ ti parí, màmá ti lajú.

Ó dì mọ́ mi. "Ọlọ́run mi gbọ́!"

"Pẹ̀lú gbogbo ariwo yẹn? Mo rò pé adití ni tìrẹ. Tèmi ló gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó wá rọra ní, "Ìyá, ṣé ẹ lè kọ́ mi ní àdúrà yẹn, kí pásítọ̀ má gbọ́?"