Bàbá Ológeere àti Kíláàsì Ọjọ́ Sátidé

Bí ẹ bá dé Agége lónìí, tí ẹ dárúkọ olóògbé Moses Odùgbẹ̀san, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Bàbá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Àgídìngbì, ó sì gba wọ́ọ̀nwéè kọjá ní Ọgbà, torí ó ní òfin ọkọ̀ ò kan ẹni tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Sànní fò jáde, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Bàbá, ẹ ti lùfin. Ọ́fíìsì là ń lọ."

"Ọ́fíìsì dà?"

"Lókè lọ́hùn-ún. Èmi náà máa wọkọ̀ yín débẹ̀ ni. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

Bàbá wò ó láti orí dé bàtà. Ó fi ọwọ́ nu káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. "Ó dáa, ọ̀gá mi. Ẹ jókòó. Ẹ dì mí níkùn mú dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wọnú sípóòkù."

Bóyá ìtìjú ni, bóyá ìbínú ni, kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n Sànní jókòó. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, Bàbá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹrù yín ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ mi. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ bá mi tì í." Sànní sọ̀kalẹ̀, ó ń tì í, òógùn bò ó. Bí wọ́n ṣe dé orí òkè tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá ń lọ fìì, ó ń juwọ́ sí i, ó ń kígbe pé, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi! Ọlọ́run á rán olùrànlọ́wọ́ sí ẹ̀yin náà!"

Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan á rò pé aláyọ̀ ni Bàbá. Ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà kò mọ̀ ni pé látìgbà tí Tinúadé ìyàwó rẹ̀ ti kú, Sànní lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí káríà yẹn. Tinúadé ló ni ibẹ̀. Orí rẹ̀ ló ń jókòó sí bí wọ́n bá ń lọ sí ìsìn Ọjọ́rú, á ká sùtánà funfun rẹ̀ mọ́ra kí táyà má bàa gbá a, á sì máa bá ọkọ rẹ̀ jà láti ẹ̀yìn pé ó ń sáré jù. Àìsàn kíndìnrín ló mú un lọ. Ó ṣàìsàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kò sì bá a láyé.

Ọjọ́ iṣẹ́ kò yọ Bàbá lẹ́nu púpọ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ bisikíìtì, ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ọjọ́ Sátidé ni ìṣòro. Ó sọ fún Fọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, pé, "Bí mo bá jókòó sínú ilé yẹn ní Sátidé, ṣe ni yóò máa wò mí. Èmi náà á máa wò ó. Kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì."

Bó ṣe di ẹni tó ń wọ kíláàsì kiri nìyẹn. Ibi yòówù kí wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn ń kọ́ ará àdúgbò ní nǹkan, Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ kọ́. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń gbé Agége, níbi tí búrẹ́dì ti gba orúkọ mọ́ ìlú lọ́wọ́, ló lọ ń forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ búrẹ́dì ṣíṣe. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wálé le débi pé ọ̀bẹ kò ràn án. Ajá onílé gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú Bàbá, ó padà lọ sùn. "Ajá yẹn ò mọ ohun tó dáa," ni Bàbá wí. Ó rẹ tiẹ̀ sínú tíì láàárọ̀. Ọ̀sán ló tó rí i gé jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ Faransé. Àwọn ará Kútọnu kan ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ wọn, ó sì ti múra sílẹ̀ dè wọ́n. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó gbọn aṣọ, ó kí ọ̀kan nínú wọn ní Faransé tó gùn gbọọrọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ará Kétu tó wà lẹ́yìn ibodè ni mí, Yorùbá là ń sọ nílé wa."

Inú bí Bàbá. "Ta ló bi ọ́ léèrè ilé yín? Dá mi lóhùn ní Faransé jàre! Ṣé torí Yorùbá ni mo ṣe ń jókòó sójú kan látọjọ́ yìí?"

Fọlákẹ́ kì í rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ojú sì máa ń tì í bí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ bá rí bàbá arúgbó lórí kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn tírélà. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì," ló máa ń wí. Bàbá á ní, "Èmi tí mò ń gùn ún nínú oòrùn, ojú ò tì mí. Ìwọ tó o wà nínú ẹ́síì lojú wá ń tì!"

Ohùn Bàbá ga. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán nílé iṣẹ́, tó bá ń sọ ìtàn rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu géètì ń gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ó ní òtútù ni. Ó mu àgbo, ó lá oyin, ó mu omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí kò lè gbé ìtọ́ mì mọ́ ni Fọlákẹ́ fi tipátipá gbé e lọ sí ọsibítù.

"Jẹjẹrẹ ni, Bàbá," ni dókítà wí. "Inú gògóńgò ló wà. A máa yọ gògóńgò náà kúrò. Èyí lè dá ẹ̀mí yín sí, àmọ́ ohùn yín ò ní padà."

Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. Bàbá bi dókítà pé, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ yọ ọ́?"

"Oṣù tó ń bọ̀."

"Ó tó. Kíláàsì wà fún ìyẹn."

Gbọ̀ngàn kékeré kan wà ní Ọgbà tí ọmọbìnrin adití kan, Divine, ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè ọwọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Fọlákẹ́ yarí pé ìsinmi ni dókítà ní kó ṣe. Bàbá fi ohùn tó kù sí i lẹ́nu dáhùn pé, "Ìgbà wo ni kí n wá kọ́ ọ? Ìgbà tí mi ò bá lè bèèrè ìbéèrè mọ́?" Ọmọ bá tẹ̀ lé e láti máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, ó ń dibọ́n pé fóònù lòun ń tẹ̀.

Bàbá kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Bó bá fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, á tún fi ohùn tó há náà pariwo rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé tíṣà kò gbọ́ ariwo. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kó dá a lójú ni." Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ sọ pé inú òun dùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì í, ó sọ pé ebi ń pa òun. Divine sáré bu ẹ̀pà fún un. Ní Sátidé kejì, ó tún ṣe àṣìṣe náà. Ní ẹ̀kẹta, ó tún ṣe é. Ìgbà tí Fọlákẹ́ bi í léèrè, ó ní, "Àṣìṣe tó lẹ́pà nínú, ta ló ń tún un ṣe?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ilé dákẹ́ ju ti ìgbà ikú Tinúadé lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ wá kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ ìtàn fún wọn. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Bàbá rí i. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Láti ẹnu ọ̀nà ìdáná, Fọlákẹ́ sọ pé, "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, Bàbá mi. Mo máa sọ ọ́ fún wọn."

Ọmọ tí ojú ń tì ló di ẹnu bàbá rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ń fò, Fọlákẹ́ ń túmọ̀, àwọn àlejò ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣe díẹ̀, Bàbá dá a dúró, ó fi ọwọ́ bá a wí. Àwọn àlejò bèèrè ohun tó sọ. "Wọ́n ní mi ò fi iyọ̀ sí i," ni Fọlákẹ́ dáhùn. "Wọ́n ní mò ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn."

Kò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ, àìsàn náà padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà kò dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kankan. Wọ́n fi omi sí i lápá, ṣùgbọ́n torí pé kò yéé ju ọwọ́, nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan. Bàbá wo ọwọ́ náà. Ó wo nọ́ọ̀sì. Ó wá yíjú sí Fọlákẹ́, ó fi ọwọ́ òsì tó kù sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé, "Wọ́n ti dì mí lẹ́nu."

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó kú.

Wọ́n sin ín pẹ̀lú sùtánà rẹ̀. Nígbà tí àwọn èrò lọ tán, Fọlákẹ́ jókòó sínú ilé Agége lọ́jọ́ Sátidé, ilé náà sì ń wò ó. Ó fara dà á lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Sátidé kejì dé, ó kọrí sí Ọgbà.

Divine kò bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ó fi àga iwájú hàn án. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni pé kí oníkálukú fi ọwọ́ sọ ìtàn kan láti ilé wọn. Nígbà tó kan Fọlákẹ́, ó dìde, ó sọ ti ìgbà tó wà ní kékeré, tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Bàbá dì í mú láti ẹ̀yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, "Má bẹ̀rù, mo dì ọ́ mú! Mo dì ọ́ mú!" Fọlákẹ́ gùn ún lọ jìnnà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, bàbá rẹ̀ wà nínú gọ́tà, ó ti rì dé ìbàdí, ó ṣì ń pariwo pé, "Mo dì ọ́ mú!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi dà lójú rẹ̀. Divine kò sọ pé kó pẹ̀lẹ́, kò sì ní kó jókòó. Ó dúró títí Fọlákẹ́ fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè, ó bi í pé, "Kí ni bàbá yín wá ṣe nígbà tí wọ́n jáde?"

Fọlákẹ́ fa imú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bá ìtàn lọ.